Ọmọ Ayò Kọkàndínláàádọ́ta

Bí ayé bá dojú dé, ọmọ ayò inú ọpọ́n kì í ju méjìdínláàádọ́ta lọ. Ilé mẹ́fà níhìn-ín, ilé mẹ́fà lọ́hùn-ún, ọmọ mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Ọmọdé tí kò tíì lè so okùn ṣòkòtò ara rẹ̀ mọ èyí. Ìdí nìyí tí Keziah fi ka lẹ́tà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tó tún yí i padà wò bóyá wọ́n kọ nǹkan mìíràn sẹ́yìn rẹ̀.

Ìyábọ̀ ló kọ ọ́, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀, ẹni tó ń se oúnjẹ fún bàbá náà ní Odo-Owa.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá ní kí n kọ̀wé sí yín pé ọmọ ayò inú kọ̀ǹpútà ti di mọ́kàndínláàádọ́ta. Wọ́n ní ẹ máa mọ ohun tó túmọ̀ sí. Láti ìjẹta wọn kò fi oúnjẹ kan ẹnu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀."

Mùhísínì awakọ̀ ló mú un wá sí ilé ẹ̀kọ́ tí Keziah ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Osi. Ó dì í mọ́ díísìkì kọ̀ǹpútà kan, ó sì fi ọ̀rá iyọ̀ wé méjèèjì nítorí òjò. Kíláàsì ń pariwo lẹ́yìn Keziah, kò sì yíjú bá wọn wí. Ó mọ ohun tó túmọ̀ sí lóòótọ́. Ìyẹn gan-an ló bà á lẹ́rù.

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó yé ẹni tí kò sí níbẹ̀, a ní láti padà sẹ́yìn díẹ̀. Oyèdìran, ẹ̀gbọ́n Keziah, ló ṣẹ̀dá ayò inú kọ̀ǹpútà náà. Ó kọ́ṣẹ́ ní Ilorin, ó sì gbé ẹ̀rọ kan wá sílé lọ́dún 1994, ẹ̀rọ tó tóbi bí àpótí aṣọ ìyàwó. Linux ló fi sí i lára, ìyẹn ètò tí ẹ̀rọ fi ń mí, èyí tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́, kó sì ṣí inú rẹ̀ wò. Lórí rẹ̀ ló kọ ayò sí, kí ará Osi lè bá ará Iloffa ta láìkúrò nílé. Tẹlifóònù kò tó nǹkan lágbègbè náà, nítorí bẹ́ẹ̀ díísìkì ló ń gbé ayò kiri: o ta tìrẹ, o fi rán awakọ̀, ẹnìkejì ta tirẹ̀, ó dá a padà. Ayò kan lè gba oṣù mẹ́ta. Àwọn èèyàn fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí, wọ́n ní kí ẹni méjì tó ta ayò Oyè tán, ìyàwó ọ̀kan nínú wọn á ti lóyún, á ti bí i. Oyè kò ta iṣẹ́ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, kò sì tì í pa. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ kó ṣí i, kó tún un ṣe, kó pín in fún aládùúgbò. Òfin kan ṣoṣo ló fi dè é: bí o bá tún ohun kan ṣe níbẹ̀, bó ti wù kó kéré tó, sọ fún àwọn yòókù.

Ibà ọjọ́ mẹ́ta ló pa á lọ́dún 1996. Keziah sì jogún ìtọ́jú ayò náà, nítorí òun nìkan nínú ẹbí ló lè ka ohun tí Oyè kọ. Iṣẹ́ kékeré kọ́ o. Ilé mẹ́ta ló ń ta á, oríṣi Linux mẹ́ta ló sì wà níbẹ̀: Slackware lára ẹ̀rọ Oyè, èyí tó kù sọ́dọ̀ bàbá wọn ní Odo-Owa, Debian lára ẹ̀rọ ilé ẹ̀kọ́ ní Osi, Red Hat lọ́dọ̀ Àbdùlláhì, ọ̀rẹ́ Oyè, akọ̀wé ní ọ́fíìsì káńsù ní Iloffa. Ọmọ ìyá ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n olúkúlùkù ló ní bó ṣe ń dáná tirẹ̀. Ohun tó jinná níhìn-ín lè wà ní tútù lọ́hùn-ún. Bí Keziah bá tún ìlà kan ṣe, ó ní láti dán an wò lára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí ọkàn rẹ̀ tó balẹ̀.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ ọmọ ayò. Ní agboolé wọn, a kì í sin ọ̀ta, ìyẹn ẹni tó mọ ayò ta dójú àmì, lọ́wọ́ òfo. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin Oyè, nígbà tí pásítọ̀ ti gbàdúrà tán tó sì yíjú sẹ́yìn, Bàbá Olóyèdé, bàbá wọn, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tòun ti pé ó jẹ́ bàbá ìjọ láti ogún ọdún, ó sì fi ọmọ ayò kan sí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ rẹ̀. Keziah rí i. Ó mọ ọmọ ayò ọ̀hún dáadáa: èyí tí Oyè fi ìṣó gbígbóná lu nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje, tó fẹ́ so ó mọ́ ọrùn bí ìlẹ̀kẹ̀. Mẹ́tàdínláàádọ́ta tó kù, Keziah fúnra rẹ̀ ló dà wọ́n sínú agolo Bournvita, tó fi àkísà gèlè rẹ̀ dì í lẹ́nu ní kókó mẹ́rin. Ayò tó dín ọ̀kan kò ṣeé ta. Ọpọ́n náà sì dojú délẹ̀ láti ọjọ́ náà.

Àwọn àgbà agboolé yìí kan náà ló máa ń fi ohùn kékeré sọ ọ́ pé bí òkú bá dá ọmọ ayò rẹ̀ padà, ó ti rí ẹni tí yóò bá òun ta.

Lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, Keziah gun ọ̀kadà lọ sí Odo-Owa, nítorí ẹrẹ̀ ojú ọ̀nà ti ń gbé mọ́tò mì. Ọjọ́ ọjà ni. Ariwo gba gbogbo ìlú kan, ilé bàbá rẹ̀ nìkan ló pa lọ́lọ́. Nígbà tó wọ yàrá, ohun tó kọ́kọ́ rí ni ìṣó tí agbádá bàbá rẹ̀ máa ń wà lára rẹ̀. Kò sí agbádá níbẹ̀ mọ́. Òórùn ilẹ̀ tútù wà nínú yàrá náà, bí ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀, ó sì sọ fún ara rẹ̀ pé òjò ni.

Bàbá Olóyèdé jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ojú rẹ̀ ti wọnú. Àpótí ìjókòó kan dojú kọ ọ́, Keziah sì fẹ́ jókòó lé e.

"Má jókòó síbẹ̀." Ohùn bàbá náà kò ju èémí lọ. "Ibẹ̀ ní ẹni tó ni ín."

Keziah fò sẹ́yìn bí ẹni tí iná jó. Ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ dípò ìyẹn.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí Ìyábọ̀ bu ẹ̀kọ díẹ̀ wá."

"Kà á."

Ó kà á. Àwọn nọ́ńbà funfun wà lójú ẹ̀rọ, ìlà ti Àbdùlláhì lókè, ìlà ti bàbá nísàlẹ̀. Ó fi ìka tẹ̀ lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mọ́kàndínláàádọ́ta. Ó tún un kà láti ẹ̀yìn wá, ó tún jẹ́ mọ́kàndínláàádọ́ta.

"Ulé kẹta ló wọ̀," ni bàbá wí. "Ulé tí Oyè í tọ́jú ọmọ sí láti kékeré. Mo lọ sùn, mo jí, mo bá a níbẹ̀. Ọjà tó ń bọ̀ ni n ó bá a lọ. Mo ti kó agbádá mi fún Ìyábọ̀, kó fún ọkọ rẹ̀."

"Bàbá, ẹ̀rọ ni. Ẹ̀rọ máa ń ṣìṣe."

"Ẹ̀rọ ta ni?"

Keziah di ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ mú, ẹsẹ̀ náà sì fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ débi pé omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ó ti sin ẹ̀gbọ́n. Kò tíì ṣe tán láti sin bàbá, pàápàá bàbá tí àìsàn kankan kò ṣe, tó kàn jókòó tó ń dúró.

"Ẹ fún mi títí di ọjà tó ń bọ̀," ló wí níkẹyìn. "Bí mo bá rí ibi tó ti ṣìṣe, ṣé ẹ ó jẹun?"

Bàbá wo àpótí tó ṣófo náà, bí ẹni tó fẹ́ gba àyè lọ́wọ́ ẹnìkan. "Bí o bá rí i," ló wí.

Ẹtì, Àbámẹ́ta, Àìkú, Ajé, Ìṣẹ́gun. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjà tó ń bọ̀.

Àbámẹ́ta ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó jókòó ti ẹ̀rọ ilé ẹ̀kọ́ ní Osi, ó ní kí ó máa bá ara rẹ̀ ta ayò. Igba ayò ni ẹ̀rọ náà ta, ó sì ń ka ọmọ fún un nígbà gbogbo: méjìdínláàádọ́ta, méjìdínláàádọ́ta. Ó mú èyí tó dà kọ láti ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀, ó tún un kọ́ láti ìpìlẹ̀, ó tún ní kí ó ta. Méjìdínláàádọ́ta. Ká ní ó rí àṣìṣe ni, ìbá yọ̀. Kò rí àṣìṣe kankan. Lọ́jọ́ Àìkú nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń kọrin, ó ń ka ọmọ ayò. Òórùn ilẹ̀ tútù yẹn ti tẹ̀ lé e dé Osi, kò sì mọ̀ bóyá aṣọ rẹ̀ ló gbà á tàbí ẹ̀rù.

Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ibi tó ti ń kọ́ ọmọ Fọ́ọ̀mù Tú ní ìṣirò ni nǹkan kan ti sọ sí i lọ́kàn. Ayò tí òun àti bàbá ń ta pé, kò lé, kò dín. Èyí tí bàbá ń bá Àbdùlláhì ta nìkan ló lé ọ̀kan. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Kò fi díísìkì ránṣẹ́ mọ́. Bí aago ilé ẹ̀kọ́ ṣe lù ló bá gba ọ̀nà Iloffa lọ.

Àbdùlláhì ti gbọ́. Ó gbé omi fún un, kò sì lè wo ojú rẹ̀. "Àbúrò, mo ti ń ṣàdúà láti ìjẹta," ló wí jẹ́jẹ́. "Láti ọjọ́ tí mo gbọ́, n kò tan ẹ̀rọ yẹn mọ́."

"Ẹ tàn án, ẹ̀gbọ́n."

Irinṣẹ́ kan wà nínú Linux tó máa ń gbé ìwé méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, tó sì ń tọ́ka sí ibi tí wọ́n ti yàtọ̀. Keziah fi iṣẹ́ Oyè tó gbé wá láti Osi sí apá kan, ó fi ti Iloffa sí èkejì. Ẹ̀rọ náà kùn díẹ̀. Nínú ẹgbẹ̀rún ìlà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìlà kan péré ló mú jáde.

Nínú ti Osi, wọ́n fi ookan kún iye ọjọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni Oyè kọ ọ̀rọ̀ kékeré kan sí fún ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn: "Ka òní mọ́ ọn, bí ọjà." Ó pẹ́ tí Keziah ti gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbẹ̀yìn, ọ̀rọ̀ náà sì dún létí rẹ̀ bí ẹni pé ó wà lẹ́yìn òun. Nínú ti Iloffa, ookan náà kò sí. Ọ̀rọ̀ náà pàápàá kò sí.

"Ta ló yọ ọ́?"

Àbdùlláhì fi ọwọ́ bo ẹnu. "Èmi ni. Nígbà tí mo gbé Red Hat tuntun sórí ẹ̀rọ lọ́dún tó kọjá, mo rí ookan yẹn, mo rò pé àṣìṣe Oyè ni. Láti Ẹtì dé Ìṣẹ́gun, ọjọ́ mẹ́rin ni lórí kàlẹ́ńdà ọ́fíìsì wa."

"Ẹ ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Ó kéré jù, àbúrò. Ookan péré. Ta ló ń torí ookan kọ lẹ́tà?"

Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti yé Keziah. Oyè fi òfin kan sínú ayò náà fún àwọn tó ń lọ́ra: bí díísìkì bá pẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kan títí ọjọ́ fi pé márùn-ún, bí ọjọ́ ọjà ṣe ń pé, ọmọ kan yóò kúrò ní ìlà rẹ̀, yóò sì bọ́ sí ilé kẹta ẹni tó ń dúró dè é. Ilé kẹta, nítorí ilé tí Oyè fúnra rẹ̀ fẹ́ràn ni. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ló sì ń tọ́jú ìlà ti ẹni tó ni ín. Kò sí ẹni tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí, àfi ìgbà tí òjò ọdún yìí ba ọ̀nà jẹ́, tí díísìkì Àbdùlláhì kúrò ní Iloffa ní ọjọ́ karùn-ún gan-an, ọjọ́ tó yẹ kí òfin mú un. Ẹ̀rọ Odo-Owa ka òní mọ́ ọn, ó ní ọjọ́ ti pé márùn-ún, ó gba ọmọ kan wọlé. Ẹ̀rọ Iloffa kò ka òní, ó ní mẹ́rin ni, kò yọ ọmọ kankan. Ọ̀kan gbà, ọ̀kan kò fún un. Ibẹ̀ ni ọmọ kọkàndínláàádọ́ta ti wá.

Keziah bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó fi na Àbdùlláhì léjìká. "Ẹ fẹ́ pa bàbá mi! Ẹ̀gbọ́n, ẹ fẹ́ fi ookan pa bàbá mi!"

"Wàláhì, àbúrò, forí jì mí. Mo máa bá ọ lọ. Èmi fúnra mi ni n ó sọ fún wọn."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn méjèèjì wà lórí ọ̀kadà kan, ẹrẹ̀ títí dé orúnkún, ọjà Odo-Owa sì ti kún. Wọ́n bá bàbá lórí ibùsùn nínú aṣọ funfun. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè gbé orí sókè. Ìyábọ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ lérí. Àbdùlláhì dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Bàbá, òkú kọ́ ló dá ọmọ ayò padà. Èmi ni." Ó sì rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ìdọ̀bálẹ̀ náà ló wà.

Bàbá Olóyèdé gbọ́ ọ tán. Lẹ́yìn náà ló la ojú kan.

"Láti ọjà dé ọjà, ọjọ́ mélòó?"

"Mẹ́rin, sà."

"Ta ló kọ́ ọ ní ìṣirò?"

Àbdùlláhì gbé orí sókè díẹ̀. "Ẹ̀yin ni, sà. Ní Púrámárì Fọ́ọ̀."

Nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í mi ibùsùn náà. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé gìrì ni, Ìyábọ̀ ti fẹ́ figbe ta, àfi bí wọ́n ṣe rí i pé ẹ̀rín ni. Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Ọmọ yìí ò tíì mọ ọjọ́ ọjà kà, wọ́n fi í ṣe akọ̀wé káńsù! Ìyábọ̀! Kí ni ẹ sè nínú ulé yìí?"

Ẹ lè fojú inú wo bí Ìyábọ̀ ṣe sáré. Ẹ̀kọ mímu gbígbóná ló gbé dé, bàbá mu ún díẹ̀díẹ̀, àwọ̀ èèyàn sì ń padà sí ojú rẹ̀. Keziah fi ẹ̀yìn ti ògiri. Ó rí bí ẹni tó sọ ẹrù igi kalẹ̀ lẹ́yìn ìrìn jíjìn.

Nígbà tí bàbá ti mu ìdajì abọ́, ó dìde jókòó. "Kọ̀ǹpútà ti sú mi. Gbé ọpọ́n wá, ká ta ayò gidi."

"Bàbá, ó dín ọ̀kan."

"Mú ẹ̀kùrọ́ kan dí i."

Keziah ṣa ẹ̀kùrọ́ kan lẹ́yìn ilé, ó sì gbé ọpọ́n àti agolo Bournvita sọ̀kalẹ̀ láti orí àjà. Eruku ọdún méjì wà lára agolo náà. Kókó mẹ́rin tó fọwọ́ ara rẹ̀ ta wà níbẹ̀ bó ṣe wà, wọ́n ti le débi pé eyín ló fi tú wọn. Ó wo bàbá rẹ̀, ó wo àpótí tó ṣófo.

"Ṣé kí n jókòó síbẹ̀?"

"Jókòó."

Ó fi ọwọ́ òsì di ẹ̀kùrọ́ mú, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún pín ọmọ, mẹ́rin-mẹ́rin, ó bẹ̀rẹ̀ láti apá tirẹ̀. Àbdùlláhì ń sọ bí ọ̀gá òun ṣe máa fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ bó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Keziah dé ilé kejìlá. Ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Ó ti gbé ẹ̀kùrọ́ sókè kí ó tó rí i pé ọmọ ayò kan ṣì wà ní ìsàlẹ̀ agolo. Ó dà á sílẹ̀. Mẹ́rin.

Ẹ̀kùrọ́ wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀ síbẹ̀. Àbdùlláhì na ọrùn wo ọpọ́n.

Bàbá Olóyèdé na ọwọ́ sí àwọn ilé tó wà níwájú rẹ̀, ó sì ń fi ìka tú wọn wò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ní ilé kẹta ló ti mú ọ̀kan jáde, tó gbé e síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ihò kékeré wà lára rẹ̀, dúdú létí, ibi tí ìṣó gbígbóná gbà kọjá. Ilẹ̀ pupa tútù ló dí ihò náà.

Òórùn yẹn tún wá, fẹ́ẹ́rẹ́, ó sì kọjá lọ. Keziah ń retí kí bàbá rẹ̀ gbé abọ́ ẹ̀kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó sì padà sùn sínú aṣọ funfun rẹ̀.

"A ò mọ ọ̀rọ̀ àwọn àgbà yẹn dáadáa," ni bàbá wí níkẹyìn, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ìgbà tó ń bá ọmọ kékeré sọ̀rọ̀. "Ẹni tó fẹ́ múni lọ kì í wá bá ni mú ọmọ ayò pé. Oyè ní kí n jókòó sí ulé, kí n máa ta."

Ó dá ọmọ ayò náà padà sí ilé kẹta. Ẹ̀rù ń ba Keziah, kò ní purọ́, ṣùgbọ́n ìtura tó wà láyà rẹ̀ ju ẹ̀rù náà lọ fíìfíì. Ó ju ẹ̀kùrọ́ sóde láti ojú fèrèsé, ó kó ọmọ ilé kan, ó sì ta.

Bàbá wo ọpọ́n títí, ó na abọ́ sẹ́yìn láìwojú ẹnikẹ́ni, ó ní kí Ìyábọ̀ bu ẹ̀kọ sí i.